Kí ló dé tí 90 fi di 91? Ẹ gbà mí lórí equation bẹ́tà

Ọmọ_Ìjẹ̀dé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkòròdú níbí ni mo wà, ọ̀nà Ìjẹ̀dé, WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ibi tó sì ń dà mí láàmú jù nínú físíìsì ni equation àwọn átọ́ọ̀mù tó ń jẹrà, ìyẹn radioactive decay. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà.

Ti álúfà, ìyẹn alpha, yé mi. Tí wọ́n bá ní yuréníọ̀mù 238 tu álúfà jáde, mo mọ̀ pé 4 máa kúrò nínú nọ́ńbà òkè, 2 máa kúrò nínú nọ́ńbà ìsàlẹ̀, 238 á di 234, 92 á di 90, màá wo tébù eléméǹtì, ẹni tó jókòó sí 90 níbẹ̀ ni tóríọ̀mù, ó tán. Àmọ́ ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní tóríọ̀mù yẹn náà tu bẹ́tà jáde, kí ló máa dà? Mo wo bẹ́tà, 0 ló wà lókè ẹ̀, máínọ́sì 1 ló wà nísàlẹ̀. Mo ní máínọ́sì kẹ̀, ìyọkúrò nìyẹn, mo yọ 1 nínú 90, ó ku 89, mo kọ actinium. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà lé e láti igun dé igun, wọ́n kọ 91 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n tún kọ Pa, wọn ò sọ ìdí. Mo lọ bá wọn lẹ́yìn kíláàsì pé ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan jáde lára ẹ̀, báwo ló ṣe wá lé sí i? Wọ́n ní kí n ṣáà há a sórí, álúfà ń dín in kù, bẹ́tà ń fi kún un.

Mo há a o. Àmọ́ ohun tí kò bá yé mi kì í dúró lórí mi. Tí mo bá bu gàrí kọ́ńgò kan nínú àpò, àpò yẹn ò lè wúwo sí i láéláé, ohun tí ọkàn mi ń sọ fún mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí 91 yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mi ò fẹ́ há a mọ́.

Ṣọlá_Sábó:

Àbúrò, kò le rárá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni bẹ́tà, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló sì ń yí átọ́ọ̀mù po níta. Tí ọ̀kan bá já bọ́ nínú wọn, prótọ́ọ̀nù á fi ọ̀kan ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ, ibẹ̀ ni 91 ti wá.

Tíṣà_Ìtamágà:

Ṣọlá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tètè tún ibẹ̀ yẹn ṣe kó tó wọ ọmọ yìí lórí, torí àwọn tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Ìtamágà níbí náà máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò lórí wọn.

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta. Prótọ́ọ̀nù inú kóró àárín átọ́ọ̀mù ló ń kà, ìyẹn nucleus. Tí tóríọ̀mù bá sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta kan nù, tóríọ̀mù náà ló ṣì jẹ́, 90 ò kúrò ní 90, ó kàn di ion ni, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná lára. Bẹ́tà tí à ń sọ yìí, inú kóró yẹn ló ti jáde. Ẹ máa wá bi mí pé ṣé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé inú kóró ni? Kò gbé ibẹ̀. Ìgbà tí kóró ń yí padà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, tó sì tì í jáde lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò mi, mú pẹ́ńsù kó o kà á pẹ̀lú mi. Nọ́ńbà òkè ń ka prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù inú kóró pọ̀. Tóríọ̀mù 234 ní prótọ́ọ̀nù 90. Yọ 90 nínú 234, ó ku 144, niútírọ́ọ̀nù nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bẹ́tà jáde ni pé ọ̀kan ṣoṣo nínú 144 yẹn di prótọ́ọ̀nù. Kò sẹ́ni tó kúrò nílé, ẹnì kan ló kúrò nínú ẹgbẹ́ kan tó bọ́ sínú èkejì. Niútírọ́ọ̀nù wá ku 143, prótọ́ọ̀nù di 91. Ro 143 pọ̀ mọ́ 91 kó o wò ó, 234 náà ni. Ìdí nìyẹn tí òkè ò fi yẹ̀ tí ìsàlẹ̀ sì fi ọ̀kan lé.

Niútírọ́ọ̀nù ò ní iná kankan lára, òdo ni. Prótọ́ọ̀nù tó dà yìí ní púlọ́ọ̀sì 1. Òdo ò lè ṣàdédé di púlọ́ọ̀sì 1 àfi tí nǹkan kan bá gbé máínọ́sì 1 kúrò níbẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn ló gbé e. Mo máa kọ nọ́ńbà òkè síwájú, màá fa ìlà, tìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e, torí fóònù mi ò jẹ́ kí n to ọ̀kan lé èkejì:

n 1/0 → p 1/1 + e 0/-1

Th 234/90 → Pa 234/91 + e 0/-1

Kó o tó fi ìwé sílẹ̀ nínú ìdánwò, ro òkè lọ́tọ̀, ro ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Òkè, 234 lápá òsì, 234 + 0 lápá ọ̀tún. Ìsàlẹ̀, 90 lápá òsì, 91 + (-1) lápá ọ̀tún, 90 náà ni. Wá wo tìẹ, 89 + (-1) jẹ́ 88. Apá kan 90, apá kejì 88, nǹkan 2 ti sọnù láàárín. Ká ní o rò ó báyẹn ni, ìwọ fúnra ẹ lò bá ti fi ìlà sí i kí bírò pupa tó dé. Nítorí náà má yọ, má sì fi kún, kọ lẹ́tà síbi tí o ò mọ̀: 90 = Z + (-1). Gbé máínọ́sì 1 kọjá, Z di 91. Bó o ṣe máa ṣe ti álúfà náà nìyẹn, 92 = Z + 2, Z di 90. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò sí ohun tó o fẹ́ há méjì fún.

Ohun kejì, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ni orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa rí 91 tán, tí wọ́n á tún kọ Th sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, máàkì lọ nìyẹn. Tó bá ti di 91, kì í ṣe tóríọ̀mù mọ́, protactinium ni.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kún un, torí ó máa ń wú mi lórí. Ọdún 1913 ni Soddy ní Glasgow àti Fajans ní Jámánì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, fi òfin yìí lélẹ̀ pé álúfà ń gbé eléméǹtì sẹ́yìn àyè méjì lórí tébù, bẹ́tà ń gbé e síwájú àyè kan. Niútírọ́ọ̀nù tí mo fi ṣàlàyé fún ẹ yìí, 1932 ni Chadwick tó rí i. Ọdún 19 gbáko ni wọ́n fi ń lo òfin yẹn tó ń bá a mu, kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń yí padà nínú ilé. Ìbéèrè tó o lọ bi tíṣà ẹ lẹ́yìn kíláàsì, àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ló bi ara wọn nígbà yẹn, má jẹ́ kó tì ọ́ lójú rárá.

Ṣọlá_Sábó:

Ẹ ṣé gan-an sà. Látìgbà tí mo ti kúrò níléèwé ni mo ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀ pé látìta ni. 144 tó di 143 yẹn ló là mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún rí ibì kan tí wọ́n ti kọ bẹ́tà ní púlọ́ọ̀sì 1 nísàlẹ̀, ṣé àṣìṣe ni àbí òun náà wà?

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́:

Ọmọ mi, mo ka kẹ́mísìrì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kí n tó wá dúró ti ìyá mi nídìí ẹja ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Tíṣà ti ṣe é re, èmi á sọ tèmi lọ́nà ọjà torí mo rí i pé máínọ́sì yẹn gan-an ló ń bà ẹ́ lẹ́rù.

Ìwé ọjà mi ní òpó méjì, owó ọwọ́ lápá kan, gbèsè lápá kejì. Ká ní mo jí láàárọ̀ tí ẹgbẹ̀rún 90 wà lọ́wọ́ mi, àwọn apẹja gúnlẹ̀, ẹja dára, owó mi ò sì pé, mo yá ẹgbẹ̀rún 1 lọ́wọ́ ẹni tá a jọ ń tà. Ká owó ọwọ́ mi wò, ó ti di 91. Ṣé mo ti wá lówó ju tàárọ̀ lọ ni? Rárá, gbèsè 1 ń bẹ nínú ìwé. 91 pẹ̀lú gbèsè 1, 90 náà ni. Máínọ́sì 1 tó wà lábẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn, gbèsè ni, kì í ṣe pé wọ́n ní kó o yọ nǹkan. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbé gbèsè ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi kóró sílẹ̀ pẹ̀lú 91 lọ́wọ́.

Gàrí tó o sọ yẹn, o ò ṣì í sọ o, àmọ́ álúfà ni gàrí. Álúfà bu ẹrù gidi jáde, prótọ́ọ̀nù 2 àti niútírọ́ọ̀nù 2, kóró hílíọ̀mù gan-an ni, àpò gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Bẹ́tà ò bu kọ́ńgò kankan jáde, ìdí nìyẹn tí òkè ẹ̀ fi jẹ́ 0.

Ọmọbìnrin mi ro ìwé fún mi lọ́jọ́ kan, ó yọ gbèsè kúrò nínú owó ọwọ́, nígbà tó wá ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ìwé, ó tún yọ gbèsè yẹn kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rí ibi tí owó gbé sọnù. Ohun tó gbé ẹ dé 88 náà nìyẹn, máínọ́sì kan ṣoṣo lo yọ nígbà méjì.

Ará_Agric:

Ọ̀rọ̀ yín yìí rán mi létí nǹkan, mo ní kí n bá yín dá sí i. Ìyá mi ní gẹ̀gẹ̀, kì í ṣe èyí tó kàn wú lásán, èyí tó ń mú kí ọkàn sáré ni, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n, wọ́n ru. Ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ fún wọn ní kápúsù kan péré, wọ́n fi omi gbé e mì, ó tán. Mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí? Dọ́kítà ọ̀dọ́ kan tó wà níbẹ̀ yí káàdì wọn padà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ fún mi, mo ṣì ní káàdì náà nílé:

I 131/53 → Xe 131/54 + e 0/-1 + gámà 0/0

Ó ní gẹ̀gẹ̀ àti ẹran ọrùn tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù yẹn fẹ́ràn áyódíìnì, tí áyódíìnì bá ti wọ ara ibẹ̀ ló ń fà á lọ, kò mọ̀ pé 131 nìyí. Tó bá ti gba á sínú, bẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kì í rìn ju bíi mìlímítà 2 lọ, ibi tó ti jáde náà ló ti ń jó ẹran yẹn, kò dé ibòmíràn. Áyódíìnì wá di xenon, gáàsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Gámà ní tiẹ̀ ń jáde sí ìta ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ìyá mi má gbé ọmọ kékeré fún ọjọ́ mélòó kan. Mo gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ ní Ìgbógbó, àwo lọ́tọ̀, ṣíbí lọ́tọ̀, màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá máa bi mí pé ọmọ ńkọ́. Dọ́kítà ní ọjọ́ 8 ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ, ọjọ́ 16 á ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ọjọ́ 24 ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ara wọn ti mókun báyìí, a dúpẹ́.

Èmi ò ka sáyẹ́ǹsì níléèwé, àmọ́ nígbà tí mo rí 53 tó di 54 lẹ́yìn káàdì yẹn, èmi náà béèrè ohun tí ọmọ yìí ń béèrè.

Tíṣà_Ìtamágà:

Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ màmá. Ọmọ_Ìjẹ̀dé, wo gámà lórí káàdì yẹn, 0 lókè 0 nísàlẹ̀. Agbára lásán ni, kì í yí nọ́ńbà kankan padà, kì í sì í yí orúkọ padà. Tí wọ́n bá ní gámà nìkan ló jáde, eléméǹtì yẹn kan náà ni kó o kọ sí apá ọ̀tún.

Àgbọn_Àgbádárìgì:

Físíìsì ni mò ń kà ní yunifásítì, ilé wa ní Àgbádárìgì ni mo wà báyìí. Kí n dá Ṣọlá lóhùn, òun náà wà o, positron ni wọ́n ń pè é, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní púlọ́ọ̀sì. Prótọ́ọ̀nù ló di niútírọ́ọ̀nù níbẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ á fi ọ̀kan dín. Fluorine 18 tí wọ́n fi ń wá àrùn jẹjẹrẹ nínú ara bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 110 ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ:

F 18/9 → O 18/8 + e 0/+1

9 = 8 + 1, ó bára mu.

Àgbọn wa tí gbogbo ayé mọ Àgbádárìgì sí, pọtáṣíọ̀mù pọ̀ nínú omi ẹ̀. Nínú 10,000 átọ́ọ̀mù pọtáṣíọ̀mù, èyí tí nọ́ńbà òkè ẹ̀ jẹ́ 40 fi díẹ̀ lé ní 1 péré, òun ló sì ń jẹrà, ó wà nínú omi àgbọn, ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ara èmi pẹ̀lú yín, kò sì pa wá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ọ̀nà méjì ló ń gbà lọ. Nínú 100, bíi 89 á di kálísíọ̀mù:

K 40/19 → Ca 40/20 + e 0/-1

Bíi 11 tó kù, kóró á nawọ́ mú ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta wọlé, ibí yìí gan-an ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta tí Ṣọlá sọ ti wúlò, àmọ́ wíwọlé ló ń wọlé. Nítorí náà apá òsì lẹ máa kọ ọ́ sí:

K 40/19 + e 0/-1 → Ar 40/18

19 + (-1) = 18. Tí ìbéèrè bá ní "capture", ẹ má gbé e sápá ọ̀tún láéláé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọjà tí ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ sọ tún rán mi létí nǹkan kan. Nọ́ńbà òkè pé, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pé, àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn agbára tí bẹ́tà gbé jáde, kò pé. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á gbé púpọ̀, òmíràn á gbé díẹ̀, ìyókù di àwátì. Àwọn kan ti ń rò pé bóyá ìṣirò agbára kì í pé nínú átọ́ọ̀mù ni. Lọ́dún 1930 ni Pauli ní rárá, ẹnì kan ń mú un lọ, ohun tíńtín kan tí kò ní iná lára tí ojú ò sì rí. 1956 ni Reines àti Cowan tó rí i ní Amẹ́ríkà. Antineutrino nìyẹn, 0/0 ni nọ́ńbà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i lápá ọ̀tún equation bẹ́tà nínú ìwé ńlá ẹ má fòyà, kò yí ìṣirò yín padà.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́:

Ọdún 26 kí wọ́n tó rí ẹni tó mú owó. Mo gba ti ọkùnrin yẹn tó kọ̀ láti sọ pé ìwé ló ń parọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀dé:

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kà á títí bátìrì fi kú, ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Gbèsè tí màmá Ẹ̀pẹ́ sọ ló kọ́kọ́ yé mi, lẹ́yìn náà ni mo wá padà sórí 144 tó di 143, wọ́n wá jẹ́ ohun kan náà lójú mi. Mo tún 89 yẹn ṣe nínú ìwé mi, mo kọ bó ṣe jẹ́ sábẹ́ ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń fò láti ọjọ́ yìí, ó ní yuréníọ̀mù 238 jẹrà jẹrà títí ó fi di òjé 206, álúfà mélòó ló jáde, bẹ́tà mélòó? Bí mo ṣe ṣe é rèé. Bẹ́tà ò ní nǹkan kan lókè, nítorí náà álúfà nìkan ló lè dín òkè kù. 238 yọ 206 ku 32, 4 wọ inú 32 lọ́nà 8, álúfà 8. Àwọn 8 yẹn máa mú 16 kúrò nísàlẹ̀, 92 á ku 76. Àmọ́ òjé 82 ni, kì í ṣe 76, ó ku 6 kó tó débẹ̀, bẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ kó fi ọ̀kan lé, bẹ́tà 6 nìyẹn.

U 238/92 → Pb 206/82 + 8 He 4/2 + 6 e 0/-1

Ẹ bá mi wò ó sà.

Tíṣà_Ìtamágà:

O ò ro ìsàlẹ̀ fún mi. Rò ó kí n rí i. Tó o bá ti rò ó tán, tóríọ̀mù 232 tó di òjé 208, má wo ìwé.

Ọmọ_Ìjẹ̀dé:

Ìsàlẹ̀ ti yuréníọ̀mù: 82 + 16 - 6 = 92. Òkè: 206 + 32 + 0 = 238.

Ti tóríọ̀mù: 232 yọ 208 ku 24, álúfà 6. 90 yọ 12 ku 78, kó tó dé 82 ó ku 4, bẹ́tà 4.

Th 232/90 → Pb 208/82 + 6 He 4/2 + 4 e 0/-1

Òkè, 208 + 24 = 232. Ìsàlẹ̀, 82 + 12 - 4 = 90. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rò ó kí n tó fi ránṣẹ́ sà.